Ìjà ọ̀tọ̀kùlú àti mẹ̀kúnnù ní Róòmù àtijọ́: àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń béèrè

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ Róòmù, Késárì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Èmi o, ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn ìlú yẹn ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Késárì, ìyẹn ìjà tí àwọn mẹ̀kúnnù bá àwọn ọ̀tọ̀kùlú fà fún ohun tó lé ní igba ọdún, láti 494 títí dé 287. Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ bá rí níbí, ṣáájú ìbí Jésù ni, torí náà ńṣe là ń kà á wálẹ̀, 494 ló ṣáájú 287.

Ta gan-an ni ọ̀tọ̀kùlú, ta sì ni mẹ̀kúnnù?

Ìdílé ni wọ́n fi ń pín in o, kì í ṣe owó. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú, tí wọ́n ń pè ní patrician, jẹ́ àwọn ìdílé díẹ̀ kan, irú bíi Fabius, Cornelius, Claudius, Valerius àti Aemilius. Tí bàbá ẹ bá jẹ́ patrician, ìwọ náà ti di ọ̀kan nìyẹn, tí bàbá ẹ ò bá sì jẹ́ ẹ, kò sí iye owó tó o lè kó jọ tó máa gbé ẹ wọ àárín wọn. Gbogbo ọmọ ìlú yòókù ni plebs, àwọn mẹ̀kúnnù: àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, oníṣòwò. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn pé olówó wà nínú àwọn mẹ̀kúnnù yẹn náà, àwọn kan nínú wọn ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀rọ̀ yẹn máa wúlò fún wa tá a bá dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lé ọba wọn tó jẹ kẹ́yìn, Tarquinius Agbéraga, kúrò nílùú ní 509, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọba mọ́, kọ́ńsù méjì ni yóò máa ṣe olórí, ọdún kan péré ni wọ́n á sì lò. Ó dáa létí. Àmọ́ kò pẹ́ rárá tí àwọn patrician fi gba gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ló ń jẹ kọ́ńsù, àwọn ló ń ṣe àwòrò òrìṣà, àwọn ló ń wo bí ẹyẹ ṣe ń fò láti sọ bóyá àwọn òrìṣà fọwọ́ sí nǹkan tàbí wọn ò fọwọ́ sí i, àwọn nìkan ló sì mọ òfin torí pé òfin ò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan. Tó o bá ní ẹjọ́, ọ̀dọ̀ wọn lo máa lọ, wọ́n lè wò ẹ́ lójú kí wọ́n ní ọjọ́ tòní ò dáa fún ẹjọ́, o ò sì ní ibi tó o ti lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni.

Ṣé torí ipò ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jà?

Rárá o. Gbèsè ni, gbèsè àti ebi. Livy, òǹkọ̀wé ìtàn Róòmù, sọ nípa bàbá arúgbó kan tó já wọ Forum, ìyẹn gbàgede ọjà àárín ìlú, ní 495. Aṣọ ara ẹ̀ dọ̀tí, ó ti rù kan eegun, irun àti irùngbọ̀n ẹ̀ rí wúruwùru, síbẹ̀ àwọn kan dá a mọ̀ pé ọ̀gá sójà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Ó ṣí àyà ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rí àpá ojú ogun lóríṣiríṣi. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní nígbà tóun ń bá wọn ja ogun Sabine ni àwọn ọ̀tá wá jó ilé òun, wọ́n run irè oko òun, wọ́n kó ẹran òun lọ, ìjọba ò sì wo tìyẹn, wọ́n tún bu owó orí lé òun, òun bá lọ yáwó, èlé ń gun orí èlé, òun ta oko tí bàbá àti bàbá-bàbá òun fi sílẹ̀, kò ká a, ẹni tó yá òun lówó bá mú òun lọ, kì í ṣe láti máa ṣiṣẹ́ sìn ín lásán o, ilé ìyà ló mú òun lọ. Ló bá yí ẹ̀yìn sí wọn. Ojú ẹgba tí ò tíì jinná ló kún ẹ̀yìn ẹ̀. Níwájú, àpá ibi tó ti jà fún ìlú, lẹ́yìn, ohun tí ìlú fi san án fún un.

Bí ètò gbèsè wọn ṣe rí nìyẹn. Ara lo máa fi dúró fún owó tó o yá. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ìwọ̀fà ti sún mọ́ ọn, àmọ́ tiwọn ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú. Ẹ tún wá fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kún un. Ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá di ilẹ̀ ìjọba, àmọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú ló ń dáko sí i, sójà tó fẹ̀jẹ̀ gbà á á padà sílé lọ bá gbèsè. Kọ́ńsù kan, Spurius Cassius, gbé àbá wá ní 486 pé kí wọ́n pín nínú ilẹ̀ náà fún àwọn aráàlú. Nígbà tó kúrò nípò, wọ́n ní ó fẹ́ fi ara ẹ̀ jọba, wọ́n sì pa á.

Kí ló dé tí àwọn mẹ̀kúnnù ò kàn dìde, kí wọ́n fi ipá gbà á?

Torí pé wọ́n rí nǹkan tó ju ipá lọ. Ní 494, ogun wà níta, àwọn Volsci, Aequi àti Sabine ń dààmú Róòmù, àwọn sójà sì ti búra, wọ́n ti jà, wọ́n ti ṣẹ́gun, wọ́n ń retí kí wọ́n mú ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn lórí ọ̀rọ̀ gbèsè ṣẹ. Sẹ́néètì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, kọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kẹ́rù, wọ́n jáde nílùú, wọ́n sọdá odò Anio, wọ́n lọ pàgọ́ sórí Òkè Mímọ́ tó jẹ́ máìlì mẹ́ta sí Róòmù. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni, wọn ò jó ilé kankan. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ni, mo sì gbà pé ó wà lára èyí tó lágbára jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìtàn ayé. Ẹ rò ó wò, Róòmù ìgbà yẹn ò ní sójà tí wọ́n ń sanwó fún, àgbẹ̀ tó ní oko kékeré tiẹ̀ ló ń gbé apata àti ọ̀kọ̀ tó fowó ara ẹ̀ rà. Tí àwọn àgbẹ̀ yẹn bá ti wà lórí òkè, ta ló kù tó máa dúró síwájú ọ̀tá? Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an.

Ìtàn ikùn àti ẹ̀yà ara tí wọ́n ní ó mú wọn padà sílé ńkọ́?

Wọ́n ní Sẹ́néètì rán Menenius Agrippa sí wọn, ó sì pa àlọ́ fún wọn pé ọwọ́, ẹnu àti eyín bínú sí ikùn pé ó kàn ń jẹ ni, kì í ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá ní àwọn ò bọ́ ọ mọ́, ìgbà tí gbogbo ara wá ń kú lọ ni wọ́n tó mọ̀ pé ikùn ló ń fún àwọn lókun. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn àlọ́ yìí. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ikùn tòótọ́ máa ń pín ohun tó bá jẹ fún gbogbo ara, ṣé ohun tí àwọn olówó ń ṣe nìyẹn? Ẹni tí wọ́n ń nà nínú ilé ìyà, èwo ni ikùn pín fún un? Mi ò sì gbà pé àlọ́ ló mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Àdéhùn ni. Wọ́n gbà kí àwọn mẹ̀kúnnù ní agbẹnusọ tiwọn, tí patrician kankan ò lè jẹ láé, ìyẹn àwọn tríbúnì.

Kí ni agbára tríbúnì yìí gan-an?

Ibí ló dùn sí. Tríbúnì ò ní sójà, kò ní ẹmẹ̀wà tó ń ru pàṣán àti àáké lọ níwájú ẹ̀ bíi ti kọ́ńsù. Ìbúra ló ní. Gbogbo mẹ̀kúnnù búra pé ẹni tó bá fọwọ́ kan tríbúnì di ẹni ègún, ẹni tó bá sì pa onítọ̀hún ò jẹ̀bi. Nítorí náà tí àwọn agbófinró bá fẹ́ wọ́ àgbẹ̀ kan lọ nítorí gbèsè, tó sì ké gbe tríbúnì, tríbúnì kàn máa lọ dúró sáàárín wọn ni, wọn ò lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ tọ̀sán tòru, kò sì gbọ́dọ̀ sun ìta ìlú mọ́jú, kí ẹni tó bá wá a lè rí i. Ó tún lè dá iṣẹ́ kọ́ńsù tàbí ìpinnu Sẹ́néètì dúró, kó dìde kó ní òun ò gbà, ó parí. Wọn ò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ láti 457 wọ́n di mẹ́wàá. Àwọn mẹ̀kúnnù ní tẹ́ńpìlì tiwọn náà, ti Ceres, òrìṣà ọkà, lẹ́bàá òkè Aventine.

Kì í ṣe pé ewu ò sí níbẹ̀ o. Ní 473, tríbúnì kan tó ń jẹ́ Genucius fẹ́ gbé àwọn tó ti jẹ kọ́ńsù lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú ilé ẹ̀.

Ṣebí wọ́n ń dìbò? Mẹ̀kúnnù ló pọ̀ jù, kí ló dé tí wọn ò fi ìbò borí?

Wọ́n ń dìbò lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Nínú àpéjọ tó ń yan kọ́ńsù, wọn kì í ka orí kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ 193 ló wà. Àwọn ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n jẹ́ olówó, ní 18, àwọn olówó tó tẹ̀ lé wọn ní 80, ẹ ro ó pọ̀, 98 nìyẹn, ìdajì sì ti kọjá. Àwọn tí ò ní nǹkan kan rárá, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rọ́ gbogbo wọn sí. Àwọn olówó ló máa ń kọ́kọ́ dìbò, tí ẹnu wọn bá sì ti kò, wọ́n máa ń dáwọ́ ìdìbò dúró, tálákà á ti jí láàárọ̀ wá láti oko, á dúró nínú oòrùn, á sì padà sílé láìdìbò. Ìdí nìyí tí àwọn mẹ̀kúnnù fi mú àpéjọ tiwọn ní òkúnkúndùn, tí wọ́n sì jà títí di 471 kí wọ́n tó gba òfin pé àpéjọ tí wọ́n pín sí ẹkùn-ẹkùn ni yóò máa yan tríbúnì, níbi tí patrician ò ti lè lo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ láti yí ìbò.

Ọmọ ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé mẹ̀kúnnù wà tó ń ti ọ̀tọ̀kùlú lẹ́yìn?

Ó pọ̀ o. Olówó kan á jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ tálákà, á gbà wọ́n lẹ́jọ́, á fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀ láti ro, àwọn náà á tẹ̀ lé e kiri, wọ́n á sì dìbò fún un. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin pé bàbá ìsàlẹ̀ tó bá rẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ, kó di ẹni ègún.

Wàláà Méjìlá tí wọ́n ń sọ, kí ni?

Òfin Róòmù tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni. Tríbúnì Terentilius Harsa ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní 462, ó ní kí wọ́n kọ òfin sílẹ̀ kí agbára kọ́ńsù lè ní ààlà, àwọn patrician sì fà á títí ó fi di 451 kí wọ́n tó yan ọkùnrin mẹ́wàá pé kí wọ́n kọ ọ́. Ọdún kejì wọ́n yan mẹ́wàá míì, Appius Claudius ló ṣe olórí wọn, àwọn yìí jókòó sórí oyè wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Livy sọ pé ojú Appius wọ ọmọbìnrin mẹ̀kúnnù kan, Verginia, tí bàbá ẹ̀ wà lójú ogun. Ó ní kí ọmọ ẹ̀yìn òun kan pe ọmọ náà ní ẹrú tiẹ̀, ó sì jókòó ṣe adájọ́ ẹjọ́ náà fúnra ẹ̀. Bàbá ọmọ náà sáré dé, ó rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, ló bá fa ọ̀bẹ yọ níbi ìsọ̀ alápatà, ó pa ọmọ ẹ̀. Inú bí àwọn sójà, inú bí ìlú, àwọn mẹ̀kúnnù tún kó jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 449, àwọn mẹ́wàá náà sì kúrò lórí oyè tipátipá.

Òfin yẹn fúnra ẹ̀ le o, ẹ má rò pé torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ó ti di àánú. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tó sì ti gbà lẹ́jọ́ pé òun jẹ ẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún un. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò sanwó tí kò sì rẹ́ni dúró fún un, ẹni tó yá a lówó lè mú un lọ sílé kó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wọn pọ́n-ùn 15 dè é, kó máa fún un ní pọ́n-ùn ọkà kan lóòjọ́ tí kò bá rí ti ara ẹ̀ jẹ. Á wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́, wọ́n á mú un lọ sí ọjà mẹ́ta léraléra, wọ́n á kéde iye tó jẹ, bóyá ẹnì kan á ṣàánú ẹ̀. Tí kò bá sí, wọ́n lè pa á tàbí kí wọ́n tà á sí òdìkejì odò Tiber. Síbẹ̀ mo ṣì gbà pé iṣẹ́ ńlá ni Wàláà Méjìlá ṣe. Ẹni tí ń jẹgbèsè ti mọ ọjọ́ tó kù fún un, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọgbọ̀n di ogún mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tí Cicero, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé Róòmù, wà lọ́mọdé, ní ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń kọ́ ọ sórí.

Ṣé òótọ́ ni pé patrician ò gbọ́dọ̀ fẹ́ mẹ̀kúnnù?

Òótọ́ ni, inú Wàláà yẹn kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Tríbúnì Canuleius ló fagi lé e ní 445, ọdún díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́. Àwọn patrician ní ẹ̀jẹ̀ máa dàrú, pé ọmọ ò ní mọ ibi tóun ti wá, pé àwọn òrìṣà ò ní gbọ́ ti wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ra, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Báwo ni mẹ̀kúnnù ṣe wá di kọ́ńsù?

Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jà á. Livy ní obìnrin ló dá a sílẹ̀: Fabius Ambustus ní ọmọbìnrin méjì, ẹ̀gbọ́n fẹ́ patrician, àbúrò fẹ́ mẹ̀kúnnù olówó kan tó ń jẹ́ Licinius Stolo. Lọ́jọ́ kan tí àbúrò lọ kí ẹ̀gbọ́n, ọkọ ẹ̀gbọ́n tó wà nípò dé láti òde, ẹmẹ̀wà ẹ̀ sì fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àbúrò ta gìrì. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín pé ó mà ṣe o, o ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń wọlé fún ọ̀gá nìyẹn? Ó dùn ún wọra, ó lọ bá ọkọ ẹ̀. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí wọ́n fi dá àpárá sí ìtàn, Licinius àti ẹnìkejì ẹ̀, Lucius Sextius, di tríbúnì, wọ́n gbé òfin mẹ́ta kalẹ̀ pa pọ̀, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí gbèsè, kí wọ́n yọ èlé tí èèyàn ti san kúrò nínú ojú owó, kó san ìyókù láàárín ọdún mẹ́ta. Lórí ilẹ̀ ìjọba, kí ẹnì kankan má ní ju 500 iugera lọ, ìyẹn bí éékà 310. Lórí ipò, kí ọ̀kan nínú kọ́ńsù méjèèjì jẹ́ mẹ̀kúnnù. Ìgbà tí àwọn patrician ò gbà, àwọn náà dá ìdìbò dúró, Livy ní fún odidi ọdún márùn-ún kò sí kọ́ńsù nílùú. Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn ní 367, Sextius fúnra ẹ̀ sì di kọ́ńsù mẹ̀kúnnù ní 366.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ní 357, wọ́n bu owó ìtanràn lé Licinius Stolo. Kí ló ṣe? Òun àti ọmọ ẹ̀ ní 1,000 iugera, ó yọ ọmọ náà kúrò lábẹ́ àṣẹ ara ẹ̀ kó lè dà bíi pé èèyàn méjì ló ni ín. Òfin tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe! Ibi tó ká mi lára jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Ìgbà wo ni wọ́n wá fòpin sí fífi ara dúró fún gbèsè?

Ní 326, gẹ́gẹ́ bí Livy ṣe sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Publilius, lọ fi ara ẹ̀ dúró fún gbèsè tí bàbá ẹ̀ jẹ, olówó tó gbà á fẹ́ bá a ṣe ìṣekúṣe, nígbà tó kọ̀, olówó ní kí wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, kí wọ́n nà án. Ọmọ náà sá jáde sígboro pẹ̀lú ojú ẹgba lára, àwọn èèyàn rọ́ lọ sí Sẹ́néètì, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọmọ náà han gbogbo sẹ́nétọ̀ tó ń wọlé. Òfin jáde pé láti ọjọ́ yẹn lọ, dúkìá ni wọ́n lè fi dúró fún owó, kì í ṣe ara èèyàn. Livy ní ńṣe ló dà bíi pé òmìnira tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀, èyí ju ti kọ́ńsù lọ fún ẹni tí ń roko.

Kí wá ló parí ìjà náà?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní 304, Gnaeus Flavius, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, gbé kàlẹ́ńdà ọjọ́ ẹjọ́ sí gbangba fún gbogbo ayé láti rí. Ní 300, wọ́n ṣí iṣẹ́ àwòrò àti ti wíwo ẹyẹ fún mẹ̀kúnnù. Ní 287, gbèsè tún dá wàhálà sílẹ̀, àwọn mẹ̀kúnnù kó jáde lọ sí òkè Janiculum, Quintus Hortensius sì ṣe òfin pé ohunkóhun tí àpéjọ mẹ̀kúnnù bá fẹnu kò sí, ó de gbogbo ọmọ ìlú, títí kan àwọn patrician.

Ṣé a lè sọ pé mẹ̀kúnnù borí nígbà yẹn?

Àwọn olówó inú mẹ̀kúnnù borí. Lẹ́yìn 366, àwọn ìdílé mẹ̀kúnnù olówó àti ìdílé patrician para pọ̀, wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń pín kọ́ńsù láàárín ara wọn, wọ́n di ọ̀tọ̀kùlú tuntun. Kò sówó oṣù fún ẹni tó bá wà nípò, tálákà ò sì lè dé ibẹ̀. Wọ́n fi ara wọn sórí òkè nítorí ebi àti ilẹ̀, ipò ló wọlé kíákíá, ilẹ̀ ò wọlé bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 133. Tiberius Gracchus, tríbúnì, ọmọ ìdílé mẹ̀kúnnù tó ti di ńlá, ní kí wọ́n tún fi ìwọ̀n 500 yẹn múlẹ̀, kí wọ́n pín ilẹ̀ tó bá lé fún àwọn tí ò ní. Tríbúnì ẹgbẹ́ ẹ̀, Marcus Octavius, ló dìde tó ní òun ò gbà. Agbára tí wọ́n bí lórí Òkè Mímọ́ láti gba tálákà sílẹ̀ ló fi ń dáàbò bo oko àwọn olówó! Kò tó oṣù díẹ̀ tí àwọn sẹ́nétọ̀ fi fọ́ ẹsẹ̀ àga bẹ́ńṣì, wọ́n fi lu Tiberius pa pẹ̀lú èèyàn bí ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n sì da òkú wọn sínú odò Tiber. Àbúrò ẹ̀, Gaius, náà kú nínú irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀ ní 121.

Àwọn ẹrú àti obìnrin ńkọ́?

Ìjà yìí ò kàn wọ́n. Ọkùnrin ọmọ ìlú ló ń dìbò. Ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ìdí kan tó fi rọrùn láti fagi lé fífi ara dúró fún gbèsè ni pé ogun ti ń kó ẹrú wálé, àwọn ló wá ń ṣiṣẹ́ oko tí àwọn onígbèsè ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣé gbogbo ẹ̀ ṣeé gbà gbọ́?

Livy kọ ìwé ẹ̀ nígbà ayé Augustus, olú ọba Róòmù àkọ́kọ́, ó ju irinwó ọdún lọ lẹ́yìn Òkè Mímọ́, torí náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu Menenius tàbí ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ gbà á bí ìtàn. Àmọ́ tríbúnì wà, àwọn ọ̀rọ̀ inú Wàláà Méjìlá wà nínú ìwé àwọn amòfin tó kọ wọ́n jáde, orúkọ àwọn kọ́ńsù sì wà lákọsílẹ̀, a lè rí ọdún tí orúkọ mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹ̀ léraléra.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ipò tríbúnì nígbà tó yá?

Ó wu àwọn ọ̀tọ̀kùlú fúnra wọn. Ní 59, Clodius tí í ṣe patrician pátápátá ní kí mẹ̀kúnnù kan gba òun ṣọmọ, kóun lè di mẹ̀kúnnù kóun sì jẹ tríbúnì, ẹni tó gbà á ṣọmọ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ní 23, Augustus gba gbogbo agbára tríbúnì láìjẹ oyè náà rárá, ara ẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ó sì lè dá ohunkóhun dúró. Láti ìgbà yẹn, iye ọdún tí olú ọba kọ̀ọ̀kan ti fi ní agbára tríbúnì ni wọ́n ń tẹ̀ sára owó ẹyọ láti fi ka ọdún ìjọba ẹ̀.